BÁŃKÌ TÍ KÒ GBA ÈLÉ: INÚ ÌWÉ NI Ẹ̀SÌN RẸ̀ WÀ NI, TÀBÍ NÍNÚ ÌWÀ ÒṢÌṢẸ́ RẸ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹ̀sìn. Òwe yìí kúrú lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ rò ó yóò rí i pé ẹrù inú rẹ̀ wúwo. Ohun tí àwọn baba wa ń wí ni pé bí ẹnì kan bá ń forí kanlẹ̀ nígbà márùn-ún lójúmọ́, tàbí tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tàbí tí ó ń bọ Ògún lọ́dọọdún, a kò tíì mọ ẹ̀sìn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a bá bá a dòwò pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé òwe yìí lọ sí ibi tí a kì í sábà gbé e lọ, èyíinì ni inú báńkì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí báńkì kan bá wí pé orí ìlànà Islam ni òun gbé òwò òun lé, tí kò gba owó èlé, tí kò sì fi owó oníbàárà ṣòwò ọtí tàbí tẹ́tẹ́, ǹjẹ́ ó ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀sìn náà bèèrè? Tàbí iṣẹ́ ṣì kù títí ìwà àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yóò fi bá ohun tí ó wà nínú ìwé mu?

Ohun tí ó bí ìbéèrè yìí kò jìnnà sí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó tọ́ mi dàgbà ní Ìlọrin. Aṣọ òfì ni ó ń tà, òun ni ó sì máa ń ra òwú fún àwọn ahunṣọ tí ń bá a ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í yá owó èlé, bí ó ti wù kí ọjà le tó. Ó ní òun kò ní fi ohun tí Ọlọ́run kọ̀ bọ́ ọmọ. Nígbà tí ó gbọ́ níbi ìwàásù kan pé àwọn báńkì kan wà nísinsìnyí tí kì í gba èlé, inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ó ní kí n sin òun lọ sí ọ̀kan nínú wọn. N kò ní dárúkọ báńkì náà, nítorí kì í ṣe láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ ni mo fi mú kálàmù. Òwú tí iye rẹ̀ tó ₦400,000 ni ìyá fẹ́ rà láti Kano.

Nígbà tí a wọlé, ohun gbogbo ni ó dára lójú. Àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a fi ọnà kọ wà lára ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bá nídìí tábìlì kí wa ní sàlámà gígùn, ìyá sì dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìwé, ìṣesí rẹ̀ yí padà. Ó kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì bíi ojú ewé mẹ́jọ síwájú ìyá, ó ní kí ó tẹ̀ka. Ìyá bi í pé, "Ọmọ mi, bí òjò bá pa òwú náà lọ́nà Kano kí ó tó dé ọwọ́ mi, ta ni yóò ru òfò rẹ̀?" Èsì tí ó fọ̀ ni pé, "Màmá, ẹ sáà tẹ̀ka, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín." Mo gba ìwé náà, mo kà á. Mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ó fẹ́ kí ìyá tẹ̀ka sí ń sọ pé ìyá ti gba òwú lọ́wọ́ báńkì, pípé, láìní àbùkù. Bẹ́ẹ̀ ni báńkì kò tíì ra ẹyọ òwú kan.

Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó nídìí tábìlì kejì gbọ́ ohun tí a ń sọ. Orúkọ tí ó fi kọ́ àyà fi hàn pé Kristẹni ni. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó fa àga fún un, ó sì ka ìwé náà fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé báńkì ni yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ra òwú náà, pé ti báńkì ni òwú náà yóò jẹ́ títí ọwọ́ ìyá yóò fi tẹ̀ ẹ́, àti pé bí òjò bá pa á ṣáájú ìgbà náà, báńkì ni ó pàdánù. Ó ní ₦460,000 ni báńkì yóò tà á fún ìyá láti san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, pé ₦60,000 ni èrè báńkì níbẹ̀, àti pé iye náà kò ní lé sí i bí ọjà bá tilẹ̀ dá ìyá dúró. Ó yọ ìwé gbígba ọjà kúrò láàrin àwọn yòókù, ó ní ọjọ́ tí òwú bá dé ni ìyá yóò tẹ̀ka sí i. Nígbà tí a jáde, ìyá dúró lẹ́bàá títì, ó bi mí pé, "Nínú àwọn ọmọ méjèèjì yìí, èwo ni ó ṣe ohun tí Àlùfáà wí?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń gún mi bí ẹ̀gún.

Kí a tó lè dá ìyá lóhùn, ó yẹ kí a rántí ohun tí èlé jẹ́ àti ìdí tí Islam fi kọ̀ ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún Yorùbá. Àwọn baba wa mọ sọgúndogójì, ẹni tí ń sọ ogún di ogójì lórí ìpọ́njú ẹlòmíràn, wọn kò sì fi orúkọ náà yìn ín. Wọ́n mọ ìwọ̀fà pẹ̀lú. Ẹni tí ó yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún olówó láti máa bá a ṣiṣẹ́ oko. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín gbèsè kù rárá, dípò èlé ni ó dúró. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, odindi gbèsè náà ṣì wà níbẹ̀ bí ó ti wà lọ́jọ́ kìíní. Nínú Súrà kejì Àlùkùránì ni a ti ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára èlé, tí a gba ti ìṣáájú láàyè, tí a sì ka ti ìkẹyìn léèwọ̀. Níbẹ̀ náà ni a ti pàṣẹ pé bí ọwọ́ onígbèsè kò bá tíì tẹ owó, kí a fún un láàyè títí ara yóò fi dẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tí ó bá rò ó: nínú òwò, ẹni méjì ni ó jọ ń ru ewu ọjà; nínú èlé, ẹnì kan ni ó ń ru ewu, ẹnì kejì sì ti ká èrè rẹ̀ kí òjò tó rọ̀.

Dídá báńkì sílẹ̀ lórí ìlànà yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1963, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ahmad El-Naggar, tí ó ti kàwé ní Jámánì, dá báńkì ìfowópamọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Mit Ghamr ní Íjíbítì fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1975 ni Báńkì Islam ti Dubai bẹ̀rẹ̀, ọdún náà gan-an ni Báńkì Ìdàgbàsókè ti Islam ṣílẹ̀kùn ní Jeddah. Malaysia dá ti rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ọdún 2011 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà jáde fún àwọn báńkì tí kì í gba èlé. Awuyewuye pọ̀ nígbà náà láàrin àwọn ẹlẹ́sìn. Báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2012, TAJBank tẹ̀ lé e ní ọdún 2019, Lotus sì dé ní ọdún 2021.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a fọkàn sí. Báńkì Mit Ghamr kò gbé orúkọ Islam kọ́rùn, nítorí ìbẹ̀rù ìjọba ìgbà náà. Ìlànà ti Nàìjíríà pàápàá kò fàyè gba pé kí báńkì kan kàn fi ọ̀rọ̀ náà, Islam, sínú orúkọ rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀. "Báńkì tí kì í gba èlé" ni òfin ń pè é, gbogbo ènìyàn, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ni ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún. Bí orúkọ ẹ̀sìn kò bá sí lára pátákó ẹnu ọ̀nà, níbo ni a ó ti rí i? Ibi méjì péré ni ó kù: inú ìwé àdéhùn àti ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Àwọn kan wà tí wọn yóò wí pé inú ìwé tó. Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ bí ó ti yẹ, nítorí ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Wọ́n ní òfin kò lè rí ọkàn, ìwé ni ó lè rí. Báńkì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń yẹ àdéhùn rẹ̀ wò bóyá ó bá Sharia mu, Báńkì Àpapọ̀ náà sì ní tirẹ̀ tí ń bójú tó gbogbo wọn. Láti ọdún 1991 ni àjọ kan, AAOIFI, ti wà ní Bahrain tí ń ṣe ìlànà ìṣirò àti ti àyẹ̀wò fún irú àwọn báńkì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí àdéhùn bá tọ́, oníbàárà kò lè jìyà, ìbáà jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà rojú koko. Wọ́n tún ní ìwà rere jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé. Òwò ni báńkì wà fún, kì í ṣe láti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Òtítọ́ wà nínú èyí. Ìwà nìkan kò lè tó. Sọgúndogójì kan lè jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó bu omi tútù fún ọ fi pòùngbẹ kí ó tó ká owó èlé mọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀rín rẹ̀ kò sọ èlé di ẹ̀bùn. Èyí ni ó fà á tí a fi nílò òfin àti ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá dáadáa, mo rí i pé àlàyé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ihò kan. Wọ́n rò pé ìwà jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ tí a máa ń fi kún àdéhùn lẹ́yìn tí àdéhùn ti pé, bí ìgbà tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ kún ẹwù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òwò irú èyí, ìwà òṣìṣẹ́ ni ó ń sọ àdéhùn di ohun tí ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òwò tí ìyá fẹ́ ṣe ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní murabaha: báńkì yóò ra ọjà, yóò sọ iye tí ó rà á àti èrè tí ó fi lé e, yóò sì tà á fún oníbàárà ní àwìn. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó èlé, iye tí oníbàárà yóò san lè jọra, kódà kí ó dọ́gba. Kí wá ni ìyàtọ̀? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà ni pé báńkì ra ọjà ní tòótọ́, pé ó di tirẹ̀, pé ó ru ewu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tà á. Bí òṣìṣẹ́ bá fo èyí dá nítorí ìkánjú, tí ó ní kí ìyá tẹ̀ka pé òun ti gba ọjà tí kò tíì sí, kí ni ó kù? Owó ni báńkì fi lé ìyá lọ́wọ́ tí yóò sì gba ju bẹ́ẹ̀ lọ padà. Èlé ni. Orúkọ nìkan ni ó yí padà, bí ìgbà tí a pe ajá ní ọ̀bọ. Kò sí òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ kan tí ó lè gbà á sílẹ̀, nítorí ìwé ni ìgbìmọ̀ rí, wọn kò sí nídìí tábìlì nígbà tí ìyá ń bèèrè ọ̀rọ̀ tí a kò dá a lóhùn.

Bákan náà ni ti kíka ìwé. Nínú Súrà kejì yẹn kan náà ni ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì wà, orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó sì dá lé. Níbẹ̀ a pàṣẹ pé ẹni tí yóò jẹ gbèsè ni kí ó máa sọ ohun tí akọ̀wé yóò kọ, kì í ṣe ẹni tí ó ni owó. Bí kò bá sì lè sọ ọ́, kí ẹni tí ń gbèjà rẹ̀ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú òdodo. Ẹ wo bí ọgbọ́n èyí ti jinlẹ̀ tó. Ọwọ́ olówó ni agbára wà, nítorí náà a gbé ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò lágbára. Nígbà tí a bá wá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú ìyá arúgbó tí kò lọ ilé-ìwé, tí a ní kí ó tẹ̀ka, àṣẹ yìí ni a yí sódì. Ọmọbìnrin tí ó ka ìwé náà fún un ní Yorùbá ni ó dúró bí agbẹnusọ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ni ó mọ̀ pé irú ẹsẹ bẹ́ẹ̀ wà.

Mùsùlùmí kò ṣàìmọ ìtàn Ànábì Muhammad ní ọjà Mẹ́dínà. Ó dé ibi òkìtì ọkà kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó sì rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè rẹ̀ gbẹ. Ó bi ọlọ́jà náà léèrè ohun tí ó fà á, ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ń rẹ́ ènìyàn jẹ kò sí lára àwọn òun. Ọkà náà kì í ṣe ọkà jíjí. Iye tí ó ń tà á kò ní èlé nínú. Bí a bá gbé òwò náà síwájú ìgbìmọ̀ tí ń wo òkè nìkan, wọn yóò fi òǹtẹ̀ lù ú. Abẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà, ọwọ́ tí ó wọ abẹ́ nìkan ni ó sì lè mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ohun tí a ń pè ní ìlànà Islam nínú ilé iṣẹ́ ni èyí: kí òkè àti abẹ́ jọra.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé a ó wá fi ipá mú gbogbo òṣìṣẹ́ báńkì láti di Mùsùlùmí? Rárá o. Islam fúnra rẹ̀ wí pé kò sí ipá nínú ẹ̀sìn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn náà ti pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà méjì láti ọjọ́ pípẹ́: ìjọsìn tí ó wà láàrin ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, àti ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn àti ènìyàn. Kò sí ọ̀gá iṣẹ́ kan tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ forí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè òtítọ́, ìfọkàntán, ìdọ́gba àti àánú lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò mọ ẹ̀yà ẹ̀sìn. Ohun tí Islam ń pè ní àmánà, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni, Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ nínú ìwà ọmọlúàbí. Alájọ tí ń gba owó àwọn ìyá lójoojúmọ́ ní ọjà mọ̀ pé bí òun bá fi owó oṣù sá lọ, kì í ṣe orúkọ òun nìkan ni ó bàjẹ́, ti ìran òun ni.

Ewu mìíràn wà tí ó tóbi ju ti ipá lọ, òun ni ti ṣekárími. Ibi tí a bá ti ń fi ẹ̀sìn gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀sìn yóò pọ̀ níbẹ̀ lójú, yóò sì gbẹ nínú. Irùngbọ̀n yóò gùn, ìborí yóò gbòòrò, sàlámà yóò ròkè lálá, oníbàárà yóò sì máa tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé e. N kò sọ pé irùngbọ̀n tàbí ìborí kò dára. Àmì ni wọ́n, àmì kò sì burú bí ohun tí ó ń tọ́ka sí bá wà. A máa ń pa á nítàn nípa Umar ọmọ Abdul Aziz, tí ó jẹ́ kàlífà láti ọdún 717 sí 720, pé bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ìlú lóru, àtùpà tí a fi owó ìlú ra epo rẹ̀ ni ó ń lò. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé tí ọ̀rọ̀ di ti ilé ara rẹ̀, yóò pa àtùpà náà, yóò tan tirẹ̀. Nínú òkùnkùn láàrin àtùpà kìíní àti ìkejì, ta ni ó rí i? Irú ìwà tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná kú ni mo ń wí.

Ṣùgbọ́n ìtàn ìyá kò tíì parí. Nígbà tí òwú dé, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ wá sí ọjà láti rí i pé ó pé. Ìyá súre fún un, ó sì bi í léèrè iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní iye tí a bu fún òun láti mú wá lóṣù kò pé rí, pé òun ni ó kéré jù ní ẹ̀ka àwọn, nítorí òun máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Ó ní wọ́n ti kọ̀wé sí òun lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Ṣùgbọ́n Ìyá, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣe é lọ́nà mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yí èrò mi padà. Títí di ìgbà náà, mo ti ń dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lẹ́bi nínú ọkàn mi. Mo wá rí i pé òun gan-an ni ó ń ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń san owó fún. Ìyára ni wọ́n ń kà, kì í ṣe òtítọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára ògiri, tí ó sì ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ wo ni ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ó ń kọ́ wọn pé ògiri ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Nítorí náà, kò tọ́ kí a ní kí òṣìṣẹ́ níwà kí a sì fi í sílẹ̀ láti san owó ìwà náà láti inú àpò ara rẹ̀. Ọmọ tí ó níwà nínú ilé tí kò níwà, ọjọ́ mélòó ni yóò fi gbà á mọ́ra?

Kí wá ni ó yẹ ní ṣíṣe? Lójú tèmi, àwọn ọ̀gá ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Kí a fi ohun mìíràn kún ohun tí a fi ń wọn iṣẹ́: ìwé mélòó ni a kà fún oníbàárà ní èdè tí ó gbọ́, àríyànjiyàn mélòó ni a yanjú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún. Kí a dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi mọ ìdí tí báńkì fi gbọ́dọ̀ ra ọjà kí ó tó tà á, nítorí ẹni tí kò mọ ìdí òfin kò ní pẹ́ fo òfin dá. Kí a máa san owó iṣẹ́ lásìkò, bí ẹ̀sìn náà ti pàṣẹ pé kí a san án kí òógùn alágbàṣe tó gbẹ. Ọ̀pọ̀ irú báńkì wọ̀nyí ni ó ní ìlànà pé bí oníbàárà bá san owó pẹ́, ohun tí a bá bù lé e lórí kò gbọdọ̀ di èrè báńkì, sàárà ni a óò fi í ṣe. Ìlànà tí ó dára ni. Bí a bá lè mú ojúkòkòrò kúrò nínú owó ìtanràn, a lè mú un kúrò nínú bí a ti ń wọn iṣẹ́ ọmọ ènìyàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2017, Báńkì Àpapọ̀ Malaysia gbé ètò kan jáde láti gba irú àwọn báńkì bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n máa wo èso iṣẹ́ wọn lára àwùjọ, kí wọ́n má fi mọ sí pé àdéhùn bófin mu. Èyí fi hàn pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo rí ihò tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo jókòó sórí òkè ń dá ẹjọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ọdún tí ó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta wà tí n kò kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀, mo sì fi déètì ọjọ́ ẹ̀yìn sí i. Ìwé náà pé. Alábẹ̀wò wò ó, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì yìn mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn mọ̀ pé mo ń ṣì rìn nínú ẹ̀kọ́ náà. Òkè gbẹ, abẹ́ tutù. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin èmi àti ẹni tí ó ní kí ìyá tẹ̀ka pé òun ti gba òwú? Kò sí. Ìgbà tí mo jókòó láti kọ àròkọ yìí ni mo tó gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi.

Nítorí náà, ìdáhùn tí mo ní fún ìyá ni pé àwọn méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kì í ṣe ti àwọn méjèèjì nìkan. Ẹni tí ó ṣe ohun tí Àlùfáà wí ni ẹni tí ó jẹ́ kí òwò jẹ́ òwò ní tòótọ́. Ilé iṣẹ́ tí yóò jẹ́ ti Islam ni èyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pàdánù níbẹ̀. Ìwé gbọ́dọ̀ wà, nítorí ọkàn ènìyàn jìn. Ìwà gbọ́dọ̀ wà, nítorí ìwé kò lọ́wọ́ tí ó lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó di olùkọ́, a ó sì máa fi kálàmù pupa wo iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nínú àwọn tí a óò kọ́ ni òṣìṣẹ́ báńkì ọ̀la wà. Bí a bá kọ́ wọn pé kí wọ́n ṣáà rí i pé ìwé pé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò ṣe fún àwọn ìyá wa lọ́jọ́ iwájú.

Ìyá ti san owó òwú rẹ̀ tán. Ó ní òun yóò padà lọ sí báńkì náà, ṣùgbọ́n tábìlì kejì ni òun yóò kọ́kọ́ wò, bóyá ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀.